Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ orí aláìsàn wárápá: kí ló ń gbà sílẹ̀, kí ni kò lè ṣe?

Àwòrán ọmọdé kan tí wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi bo orí rẹ̀ ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láàárín àwọn ọmọ Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ló ń tẹ̀ lé e, kálukú sì ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ tuntun ti dé tó ń fi iná mànàmáná fa wárápá jáde nínú agbárí. Ẹlòmíràn ní àwọn òyìnbó ló fẹ́ máa fi ka ohun tó wà lọ́kàn aláwọ̀ dúdú. Ẹnì kẹta, tí tirẹ̀ léwu ju ti àwọn yòókù lọ, ní ẹni tí kò bá tíì ṣe ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ fi oògùn wárápá kankan sẹ́nu, kó ṣáà máa tọ́jú owó tí yóò fi lọ ṣe é ní Kútọnu títí yóò fi pé.

Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kò sí èyí tí kò ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá, torí náà ó yẹ ká tú wọn palẹ̀.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ìròyìn mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n lọ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti EEG, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì iná inú ọpọlọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni àwọn dókítà ti ń lò ó, kò sì ṣàjèjì sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu.

Èkejì ni ti ìwádìí tí Farrah Mateen, oníṣègùn ọpọlọ àti olùwádìí ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní ìlú Boston, ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bhutan, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, àti ní Guinea. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá fìlà kékeré kan tó ń bá fóònù tàbí tablẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá náà níbi tí kò ti sí. Guinea ni àwọn kan gbọ́, ni wọ́n bá ní ẹ̀rọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìkẹta ò kan wárápá rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Neuralink ti Elon Musk fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ọpọlọ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ara rẹ̀ rọ láti ọrùn wá sílẹ̀, ọkùnrin náà sì ń fi èrò darí àmì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí, tó wá rí ọmọ tí wáyà bo orí rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Kí ni wárápá, kí ni kì í ṣe wárápá?

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Iná mànàmáná tó kéré jọjọ àti èròjà kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kálukú sì ní àkókò tirẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ta iná lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kò sì dáwọ́ dúró, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá ní wárápá gbé ẹnì kan.

Bó bá jẹ́ gbogbo ọpọlọ ló kàn, ẹni náà á ṣubú, ara rẹ̀ á le gbagidi, á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn á tọ̀ sára. Bó bá jẹ́ igun kan ni, apá kan lè máa ta pìpì, ẹnu lè máa jẹ láìsí oúnjẹ, ó sì lè máa gbóòórùn ohun tí ẹlòmíràn kò gbóòórùn rẹ̀. Irú kan tún wà tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé: ọmọ á kàn ranjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún máa bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Tíṣà á ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, á sì nà án. Kò sí ará ilé tó máa pè é ní wárápá, bẹ́ẹ̀ wárápá gan-an ni.

ILAE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn wárápá lágbàáyé, tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ní 2014. Wárápá ni bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, tí ó ju wákàtí 24 lọ láàárín wọn, láìsí ibà tàbí ohun mìíràn tó fà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà lè tó bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ṣeé ṣe gan-an kó tún padà wá. Ìdí nìyẹn tí gìrì tí ibà ń fà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún márùn-ún kì í fi í ṣe wárápá, ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì mú kì í sì í ní wárápá bí wọ́n bá dàgbà.

Kì í ràn. Itọ́ tó ń hó yẹn, itọ́ lásán ni, tí ẹni náà kò rí gbé mì. Àmọ́ nítorí ìbẹ̀rù itọ́ yìí ni ènìyàn ṣe ń ṣubú sínú iná ìdáná tí àwọn tó wà nítòsí á máa wò ó, tí iná á fi jó o kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àpá iná tó pọ̀ lára àwọn aláìsàn wárápá kì í ṣe iṣẹ́ àìsàn náà nìkan.

Ní ti ohun tó ń fà á, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS lọ́dọ̀ wa, ní a kì í mọ̀ ọ́n nínú nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn. Nínú ìdajì yòókù, àwọn tó kan agbègbè wa jù ni ibà tó wọ ọpọlọ, ọmọ tí kò tètè rí èémí mí nígbà ìbí, àrùn méníńjáìtì, orí tó fọ́ nínú jàǹbá alùpùpù zémijàn, rọpárọsẹ̀ lára àgbàlagbà, àti aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí aràn yìí, torí àṣìgbọ́ wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a jẹ ló ń gbé e lọ sínú ọpọlọ tààrà. Ẹyin aràn tó wà nínú ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ń wọ omi àti ewébẹ̀, tó sì ń ti ibẹ̀ wọ ẹnu. Nítorí náà, mùsùlùmí tí kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu rí lè kó o lára aládùúgbò rẹ̀. Níbi tí aràn náà bá ti wọ́pọ̀, OMS ní ó lè jẹ́ òun ló fa tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wárápá ibẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń gbà sílẹ̀ gan-an?

Richard Caton, dókítà kan ní Liverpool, ló sọ ní 1875 pé òun rí iná mànàmáná lórí ọpọlọ ehoro àti ọ̀bọ. Ti ènìyàn di 1924, nígbà tí Hans Berger, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Jena ní Jámánì, rí i gbà sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ń tún un yẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ kà á sí.

Ó yani lẹ́nu bí ìtàn Berger ṣe bá ariwo orí WhatsApp yìí mu. Ohun tó ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ni bí èrò ẹnì kan ṣe ń dé ọkàn ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun, ẹṣin gbé e ṣubú, díẹ̀ ló kù kó kú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ara arábìnrin rẹ̀ fu níbi tó jìnnà, wọ́n sì fi tẹligíráàmù béèrè àlàáfíà rẹ̀. Berger gbà pé èrò òun ló fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà tó gbà. Kò rí i. Ìgbì iná ló rí.

Lónìí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi téèpù wọn orí, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á wá lẹ bọ́tìnnì irin kéékèèké, tí àwọn dókítà ń pè ní électrode, mọ́ ojú àmì náà pẹ̀lú ìpara tó ki. Ètò tí Herbert Jasper gbé kalẹ̀ ní 1958 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé, ojúkò 21 ló sì ní. Ẹni náà á dùbúlẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á ní kó la ojú, kó dì í, kó máa mí kanlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á sì máa tan iná tó ń ṣẹ́jú sí i, torí ìwọ̀nyí lè mú kí àmì wárápá tó fara pamọ́ yọjú.

Ìgbì tó ń dé awọ orí kì í sábà ju ìdá 50 sí 100 nínú mílíọ̀nù fóltì kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóltì kan àbọ̀. Bí ẹ bá pín agbára bátìrì náà sí ọ̀nà 30,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni ọpọlọ ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́. Abájọ tí ojú ṣíṣẹ́ lásán, òógùn, eyín tí a pa pọ̀ tàbí òróró orí fi lè ba gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ náà ń ya ìgbì sí jẹ́.

Ní 1935, ní Boston, Frederic Gibbs, Hallowell Davis àti William Lennox fi hàn pé ìgbì ọmọ tó ń ranjú yẹn ní ìrísí tirẹ̀: á yọ ṣónṣó, á rọ̀ wálẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà náà ni ìwé EEG ti di ohun tí a fi ń dá irú wárápá kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Ṣé kúráǹtì ń wọ orí?

Rárá. Gbígbà ni EEG ń gbà, kì í fúnni. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà lóòótọ́ tó ń ta iná sí iṣan ọrùn tàbí sí ọpọlọ láti dín wárápá kù, àmọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń fi wọ́n sára, kì í sì í ṣe àwọn ló wà nínú àwòrán náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun fi EEG wo wárápá yín sàn, ẹ̀tàn ló ń ṣe.

Ṣé ó lè ka ohun tí ènìyàn ń rò?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn Àkábà Ìdèná, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, lọ́jọ́ ọjà, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Á mọ̀ bí ìlú bá kún. Á mọ̀ bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, á tiẹ̀ lè mọ ìhà tí ariwo ti ń wá. Iye tí ìyá kan ń pe gàrí rẹ̀ fún oníbàárà, kò lè gbọ́ ọ. Ibi tí bọ́tìnnì orí awọ dúró sí nìyẹn: egungun agbárí wà láàárín òun àti ọpọlọ, àpapọ̀ ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ń gbọ́.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń wọlé. Nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn wárápá, ó tó ẹnì kan tí oògùn kì í ká tirẹ̀. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, Jean Bancaud àti Jean Talairach ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun ní òpin àwọn ọdún 1950. Wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín wọ inú ọpọlọ, aláìsàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì máa dúró kí wárápá gbé e, kí wọ́n lè mọ ojú ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ibẹ̀, tó sì ṣeé gé láìpa ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ọwọ́ lára, wọ́n lè gé e.

Láàárín ọjọ́ ìdúró wọ̀nyẹn ni àwọn olùwádìí máa ń bẹ aláìsàn pé kó jẹ́ kí àwọn wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń rántí nǹkan. Itzhak Fried ní Los Angeles àti Rodrigo Quian Quiroga tẹ èyí tó lókìkí jù jáde ní 2005: sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ aláìsàn kan ń ta iná bí wọ́n bá ti fi àwòrán Jennifer Aniston, òṣèré ará Amẹ́ríkà, hàn án, kì í sì í sábà dá àwòrán àwọn ẹlòmíràn lóhùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tàn kálẹ̀ nípa kíka èrò ti inú irú iṣẹ́ yìí wá. Ẹ kíyè sí ohun tó gbà kó tó ṣeé ṣe: wọ́n ti la agbárí, àwọn olùwádìí ló yan àwòrán, aláìsàn sì ti fọwọ́ sí i. Fìlà orí fóònù kò sí nítòsí ibẹ̀.

Tí ìwé bá ní "normal" ńkọ́?

Ibí yìí ni mo rò pé ìpalára pọ̀ sí jù, torí owó ọkọ̀ ti lọ, owó àyẹ̀wò ti lọ, ìwé wá jáde pé EEG normal, ìyẹn pé kò sí àmì kankan, ni ẹbí bá ní kì í ṣe wárápá, àjẹ́ ni.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé nínú àwọn tó ní wárápá lóòótọ́, nǹkan bí ìdajì ni EEG àkọ́kọ́ wọn kì í fi àmì kankan hàn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n nínú ayé ènìyàn ló gbọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ dákẹ́ ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n yẹn, tàbí pé ibi tí wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ jìn sínú. Nígbà náà, dókítà lè ní kí ẹni náà máà sùn mọ́jú kó tó padà wá, nítorí àìsùn àti oorun tó tẹ̀ lé e máa ń tú àmì náà jáde. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àwọn díẹ̀ wà tí ara wọn le koko, tí wárápá kò gbé rí, tí ìwé wọn sì ń fi ṣónṣó hàn. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í fún ìwé lóògùn.

Kí ló wá fi ń mọ̀ ọ́n? Ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣé ara kọ́kọ́ le ni, àbí ó rọ wọ̀ọ̀? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n? Ojú là ni, àbí ó pa dé? Ìṣẹ́jú mélòó? Nígbà tó jí, ṣé ó mọ orúkọ ara rẹ̀, àbí ó dà á rú fún ìgbà díẹ̀? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ? Ìyá tó lè dáhùn ìwọ̀nyí ní èdè Kétu, pẹ̀lú ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé láìfi nǹkan kan pamọ́, wúlò fún dókítà ju ìwé EEG kan lọ. Fóònù náà sì wúlò níbí, ju bó ti wúlò fún ohùn WhatsApp lọ. Bí ẹnì kan bá ti yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́, tí ó ti kó ohun líle kúrò lágbègbè orí rẹ̀, tí kò sì fi ṣíbí tàbí ìka há a lẹ́nu, kí ẹlòmíràn ya fídíò rẹ̀, kó sì máa wo aago. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ìwádìí Bhutan àti Guinea fi hàn?

Ẹ̀rọ EEG ńlá gbówó lórí. Ó tún ń fẹ́ iná tí kì í já, ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ̀, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà yìí ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ọpọlọ wà, àwọn kan wà ní Parakú. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kétu á gba Pọ́bẹ̀ àti Ṣakétẹ́ kó tó dé Àjàṣẹ́, kó tó wá kọjá sí Kútọnu. Ará Ṣábẹ, tó wà láàárín Kútọnu àti Parakú lójú títì ńlá, lè yan ibi tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí i níhà méjèèjì.

Ohun tí Mateen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò nìyẹn: fìlà tó ní électrode 14, tablẹ́ẹ̀tì tó ń gbà á sílẹ̀, àti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà níbi tó bá wà. Ní Bhutan, wọ́n fi ìwé fìlà náà wé ti ẹ̀rọ ńlá lára àwọn aláìsàn kan náà, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2017. Nínú ìwé tí ẹ̀rọ ńlá ti rí àmì wárápá, ó ju ìdajì lọ tí fìlà náà kò rí i. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní òun rí i, kì í sábà ṣì í. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè ran ẹ̀rí lọ́wọ́, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí. Ní 2019 ni wọ́n tẹ ti àwọn ọmọdé Guinea jáde, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn dókítà Conakry. Kò sí nínú méjèèjì níbi tí wọ́n ti ní ó ń wo àìsàn sàn.

Ṣé irun dídì ń dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń béèrè èyí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò rò ó sí rárá, òótọ́ sì ni pé ó ń dí i lọ́wọ́. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Irun tó ki, tó sì ká, máa ń tì í sókè. Mẹ́ṣì tún wá burú jù, torí ó bo gbogbo ojú awọ. Nítorí èyí, wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ìwádìí ní Amẹ́ríkà, tàbí kí ìwé wọn jáde ní rúdurùdu.

Ní 2020, Arnelle Etienne, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, pẹ̀lú Pulkit Grover àti àwọn yòókù, gbé ojútùú kan jáde tí kò lè ṣàjèjì sí onídìrí wa kankan. Wọ́n á kọ́kọ́ di irun náà ní ìlà ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ojúkò Jasper kọjá, kí awọ lè hàn láàárín. Ìdè irun náà á wá di ohun tí a fi ń há électrode mọ́ orí, bí ó ṣe le tó ni yóò ṣe mú un mọ́ awọ tó. Sevo ni wọ́n pe électrode náà, ọpọlọ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè àwọn ará Haiti. Irun tí ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ wá di ohun tó ń gbé e ró. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ tú irun kí ẹ tó lọ.

Níbo ni àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà kò ti fohùn ṣọ̀kan?

Gbogbo wọn gbà pé àwọn tó ní wárápá lágbàáyé tó mílíọ̀nù 50, pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀, àti pé bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, tó ìdá 70 lè máa gbé láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ra.

Àwọn kan ní oògùn ni. Phenobarbital, tí fámásì wa mọ̀ sí Gardénal, ti wà láti 1912. OMS ní ìtọ́jú lè má ju dọ́là 5 lọ fún ẹnì kan lọ́dún, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè tálákà kì í rí ìtọ́jú tó yẹ. Ìlànà OMS fún àwọn ilé ìwòsàn kékeré sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí EEG jẹ́ dandan kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹni tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Ohùn kẹta inú WhatsApp yẹn lòdì sí èyí pátápátá.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kan dáhùn pé láìsí ẹ̀rọ, oògùn lè ṣìnà. Carbamazepine, tó dára fún wárápá tó ń bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, lè mú kí ti ọmọ tó ń ranjú burú sí i. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń dákú nítorí ọkàn wọn, tàbí tí ìdààmú ọkàn ń gbé ṣánlẹ̀ bíi wárápá, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé oògùn mì lórí àìsàn tí wọn kò ní.

Ẹgbẹ́ kẹta ní ìdènà ni kó ṣáájú, ìtàn tí wọ́n sì sábà máa ń fà yọ, ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn aláìsàn wárápá ní ìlú méjì ní Ìbàràpá. Ní Ayétẹ̀, wọ́n rí ẹni 37 nínú ẹgbẹ̀rún. Ní Igbó-Ọrà, tí kò jìnnà síbẹ̀, 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún ni, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987. Ẹ̀yà kan náà, oúnjẹ kan náà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìtọ́jú aláboyún, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú àrùn ọmọdé dára jù ní Igbó-Ọrà.

Kíkà náà kì í rọrùn. Ní Zinvié, nítòsí Abomey-Calavi, Michel Dumas, Pierre-Marie Preux àti Dismand Houinato wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde ní 2000. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n rí ní ojúlé dé ojúlé wé ti àwọn orísun mìíràn, ìṣirò fi hàn pé àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju iye tí ojúlé fi hàn lọ fíìfíì. Àwọn ẹbí ń fi wọ́n pamọ́.

Ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, pásítọ̀ àti àlùfáà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Kétu ń ṣe méjèèjì pọ̀, àwọn dókítà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í sì í bá wọn jà lórí àdúrà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn ju oògùn rẹ̀ nù. Ẹni tó bá ṣẹ́wọ́ lórí Gardénal lójijì, wárápá lè gbé e léraléra láìjí, ó sì lè pa á.

Ta ló ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀?

Ìbẹ̀rù pé òyìnbó ń kó nǹkan wa lọ kò ṣàìnídìí pátápátá, torí ìwé EEG tó bá gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ ti kúrò ní ìlú. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ìwádìí ìlera ló ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ CNERS ló sì ń yẹ ìwádìí wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Code du numérique ti 2018, tó wà fún ohun orí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yé yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ lè kọ̀, ẹ sì lè yọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbà, ìtọ́jú yín kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ dúró. Àyẹ̀wò tí dókítà yín ní kí ẹ lọ ṣe nítorí ara yín yàtọ̀ sí ìwádìí. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tó jẹ́.

Kí ni kí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ṣe EEG múra sílẹ̀?

Kó fọ irun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó máà fi òróró tàbí pòmáàdì sí i. Kó jẹun, àfi tí wọ́n bá ní kó máà jẹ. Kó lo oògùn rẹ̀ bó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, àyàfi bí dókítà tó kọ ọ́ bá sọ ohun mìíràn. Bí wọ́n bá ní kó máà sùn, kí ẹnì kan tẹ̀ lé e, torí àìsùn lè mú kó gbé e lójú ọ̀nà, kò sì yẹ kó gun zémijàn lóun nìkan lọ́jọ́ náà. Kó mú páálí oògùn dání, kó mú fídíò dání bó bá wà, kó sì mú ẹni tó rí i nígbà tó ṣubú lọ. Bí ẹni yẹn kò bá lè lọ, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù kí dókítà lè pè é.